Póìntì Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Tí Ẹ̀gbọ́n Ẹni Ń Mú Wá

Ìbéèrè kan wà tí mo ti ń gbé síwájú Ọlọ́run láti ọdún tó kọjá, tí mi ò tíì rí ìdáhùn rẹ̀ gbà: ká ní Olúwatúnmiṣe Ọmọ́tọ́ṣọ́ dákẹ́, kó jẹ́ kí fọ́ọ̀mù náà lọ bó ṣe kọ ọ́, ṣé ilẹ̀kùn tó padà ṣí fún un kò ní ṣí? Ẹni tó dákẹ́ ń bẹ láàárín wa. Ilẹ̀kùn tirẹ̀ ṣí, kò tiẹ̀ pẹ́ rárá. Pé Ọlọ́run fẹ́ràn òótọ́, ìyẹn kò yẹ̀ lọ́kàn mi. Bó ṣe ń san ẹ̀san rẹ̀ ni mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà bí Túnmiṣe fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún mi, kí ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò.

Nínú ìjọ wa ní Ajax, ní Kánádà níhìn-ín, ìlà kẹta lápá òsì ni Túnmiṣe máa ń jókòó sí. Obìnrin gíga ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Kì í jẹ́ kí èékánná rẹ̀ gùn, bó sì ti wù kó fọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó, òórùn búrẹ́dì àti gíríìsì kì í kúrò níbẹ̀. Mẹkáníìkì ẹ̀rọ ni, ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ńlá kan ní Whitby. Ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun, bẹ́líìtì tó ń gbé búrẹ́dì wọ inú ààrò, èyí tó ń gé e wẹ́wẹ́, òun àti ọkùnrin márùn-ún ló ń tọ́jú wọn. Òun nìkan ni obìnrin láàárín àwọn mẹkáníìkì ibẹ̀. Òun nìkan náà ló sì máa ń fi etí mọ ẹ̀rọ tó fẹ́ dákú kó tó dákú. Yóò fi ẹnu síkúrúdiráífà gígùn kan ara ẹ̀rọ náà, yóò fi ìdí rẹ̀ ti etí, yóò dijú bí ẹni tó ń gbàdúrà. Bó bá lajú, yóò ní, "Bẹ́rìn ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni. Kò ní rí ọ̀la."

Ṣàgámù ló ti kọ́ ọ, ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, lábẹ́ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Alhaji Abdulmajeed. Nígbà tó wá sí Kánádà, ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ọdún méjì, lẹ́yìn náà ni ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta. Gbogbo ẹni tó bá gba irú ìwé yẹn ló mọ̀ pé aago ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Kí ọdún mẹ́ta tó pé, kí ó ti rí PR gbà, ìyẹn ìwé ìgbélùú títí láé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó di ẹrù rẹ̀.

Ẹni tó lọ pàdé rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ni Lékè Ọmọ́tọ́ṣọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń gbé ní Courtice. Lékè wà lára àwọn tó kúrò nílé nígbà ìjọba ológun, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà náà. Iṣẹ́ òrùlé ló ń ṣe: ó ń kàn án, ó ń tún un ṣe, òun ni ọ̀gá ara rẹ̀. Àwa méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìlú yìí nígbà kan náà, ẹgbẹ́ sì ni wá. Ohùn rẹ̀ gbóòòrò, ẹ̀rín rẹ̀ kò jìnnà, ṣùgbọ́n bí inú bá bí i, á kàn máa fi ọ̀wọ̀ bá ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ sọ̀rọ̀ ni, ọ̀wọ̀ tó le ju èébú lọ. Ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ ni Túnmiṣe gbé títí tó fi ríṣẹ́.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé kì í ṣe bàbá kan náà ló bí wọn. Ọmọ tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n: bàbá Lékè ni àkọ́bí bàbá wọn àgbà, bàbá Túnmiṣe ló tẹ̀ lé e. Lékè ò ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, àbúrò bàbá náà sì mú un sọ́dọ̀ ní Àkúrẹ́, ó di àkọ́bí ilé. Nínú ilé yẹn, wọn kì í sọ ta ló bí ta. Ọmọ tó bá dán an wò pé òun fẹ́ béèrè, ìyá Túnmiṣe á bi í bóyá oúnjẹ tó jẹ kò yó o ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Túnmiṣe nígbà tó kọ́kọ́ fura pé ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀. Wọ́n ń ṣe ìrántí bàbá kan nínú ẹbí, ó sì rí orúkọ bọ̀dá Lékè nínú ìwé ètò ìsìn láàárín àwọn ọmọ olóògbé. Ó rò ó díẹ̀. Kí oúnjẹ tó délẹ̀, ó ti gbàgbé.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Courtice láti forúkọ sílẹ̀ fún ìwé ìgbélùú, tí fọ́ọ̀mù bi í bóyá ó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó jẹ́ ọmọ Kánádà, ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni kó tó mí. Kò mọ̀ pé póìntì wà lórí rẹ̀. Lékè dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ní kó kọ orúkọ òun pé, kò gbọdọ̀ gé e kúrú.

Póìntì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹ̀gbọ́n ẹni ń mú wá. Wọ́n ń fún ènìyàn ní póìntì fún ọjọ́ orí, fún ìwé tó kà, fún iṣẹ́ tó ti ṣe, fún gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́, wọ́n á wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Póìntì Túnmiṣe kò ga tó èyí tí ìjọba àpapọ̀ fi ń pe ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Ontario ní ètò tirẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ibí nílò: wọ́n á wo àkójọ orúkọ náà, wọ́n á pe àwọn tí iṣẹ́ wọn bá bá a mu, kódà bí póìntì wọn ò ga púpọ̀. Ẹni tí ìpínlẹ̀ bá fà kalẹ̀, ẹgbẹ̀ta póìntì ni wọ́n á rọ́ lé e lórí. Ó ti dé nìyẹn.

Nínú oṣù kìíní ọdún tó kọjá, ìpínlẹ̀ pè é. Díẹ̀ báyìí ni póìntì rẹ̀ fi lé sí iye tí wọ́n fẹ́. Ayọ̀ ṣẹlẹ̀ ní Courtice lọ́jọ́ náà. Lékè gun àga, ó ń jó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka ìyókù ìwé: ohunkóhun tó bá sọ pé òun ní, kó fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn. Ti ẹ̀gbọ́n, ìwé ọjọ́ ìbí àwọn méjèèjì ni, tó máa fi hàn pé òbí kan náà ló bí wọn.

Lékè lọ gbé ìwé tirẹ̀ wá. Wọ́n tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì. Orúkọ bàbá méjì ló wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Kò dààmú Lékè. Ó ní kí ló le níbẹ̀, ṣé Tòkunbọ̀ nínú ìjọ kò ṣe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ ni Tòkunbọ̀ fi ṣe ẹ̀gbọ́n. Wọ́n búra ní kóòtù nílé, wọ́n gba ìwé tuntun, ìwé náà ti wà lọ́dọ̀ ìjọba. Lékè ní òun yóò pe Àkúrẹ́ lọ́la. Ó ní irọ́ ha ni bí? Bàbá wo ló tọ́ òun dàgbà bí kì í bá ṣe bàbá Túnmiṣe?

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo kọ́ kíláàsì àwọn àgbà. Ẹ̀kọ́ náà dá lórí kí ọ̀rọ̀ ẹnu onígbàgbọ́ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí a parí, Túnmiṣe dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí Péjú, bí ohun tó jẹ́ òótọ́ nílé wa bá jẹ́ irọ́ nínú ìwé wọn, èwo ni kí n sọ?"

Mi ò tíì mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Mo ní kó dáhùn ohun tí ẹni tó béèrè ń béèrè, kì í ṣe ohun tí òun fẹ́ kó béèrè. Mo sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tí kò ní nǹkan kan láti pàdánù níbẹ̀. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Láti ibẹ̀, Courtice ló gbà lọ. Kò fẹ́ yí fọ́ọ̀mù náà padà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bá Lékè níbi tó ti ń wo bọ́ọ̀lù, ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́. Lékè pa tẹlifíṣọ̀n.

"Ta ló ń gbé ọ lọ́rùn lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi?"

"Ẹ̀yin ni, bọ̀dá."

"Ta ló wá pàdé rẹ ní éápọọ̀tù?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Ó dáa. Lọ sọ fún òyìnbó pé o ò ní ẹ̀gbọ́n."

"Bọ̀dá, kì í ṣe pé mi ò ní ẹ̀gbọ́n. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni bóyá bàbá kan náà ló bí wa."

"Bàbá kan náà ló tọ́ wa."

"Wọn ò béèrè ìyẹn, sà."

"Ẹ̀bi tiwọn nìyẹn."

Ọmọ Lékè obìnrin, Ìmọ́lẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, gbórí wọlé, ó fi gẹ̀ẹ́sì béèrè pé ṣé Àǹtí Túnmi wá jẹ́ àǹtí òun ni àbí kò jẹ́. Lékè dìde, ó lọ ṣílẹ̀kùn fún Túnmiṣe fúnra rẹ̀, ó sì tẹrí ba díẹ̀ bí ẹni tó ń sin àlejò pàtàkì jáde.

"Ẹ rọra máa wa mọ́tò o, kọ́sìn. Yìnyín wà lọ́nà."

Ẹ ló pè é. Láti ọjọ́ tí Túnmiṣe ti dáyé, Lékè kò pè é ní ẹ rí. Ó sunkún títí dé Whitby. Kó tó sùn lọ́jọ́ náà, ó ti jẹ́ kí ìpè ìpínlẹ̀ lọ, ó ti tún fọ́ọ̀mù ṣe. Póìntì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jábọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìpínlẹ̀ tún pe àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lẹ́yìn ìyẹn, tí wọ́n fo Túnmiṣe dá. Lẹ́ẹ̀kejì, póìntì mẹ́rin péré ló dín. Oṣù mẹ́wàá ló kù lórí ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀. Inú oṣù yẹn gan-an ni Tòkunbọ̀ jáde wá jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìwé ìgbélùú òun ti dé. Gbogbo wa ké Halelúyà. Mo ké e pẹ̀lú wọn. Nígbà tí mo yíjú sí ìlà kẹta, Túnmiṣe ń pàtẹ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dénú. Èmi ni mo gbé ojú sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bá Ọlọ́run sọ lọ́jọ́ náà, n kò lè sọ ọ́ tán.

Lékè kò fi Túnmiṣe sílẹ̀ o, ẹ má ṣì í gbọ́. Lọ́ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni Ìmọ́lẹ̀ máa ń bá a gbé oúnjẹ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú àpò, ọbẹ̀, dòdò, nígbà mìíràn odindi adìyẹ. Ṣùgbọ́n bébà á wà lórí rẹ̀: "Fún kọ́sìn wa." Bí Lékè bá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Kọ́sìn, ẹ kú ìsinmi o, iṣẹ́ ńkọ́?" Àwọn tí kò mọ̀dí rẹ̀ ń rò pé eré ni. Túnmiṣe ń jẹ adìyẹ náà, omi á sì máa bọ́ lójú rẹ̀.

Ibi iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọ̀gá àwọn mẹkáníìkì ibẹ̀ ń jẹ́ Mukhtar, ọmọ Pakistan, ọkùnrin tí kì í yin ènìyàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bẹ́líìtì inú ààrò dúró, ẹgbẹẹgbẹ̀rún búrẹ́dì sì wà nínú iná. Àwọn ọkùnrin ń tú èyí, wọ́n ń tú tọ̀hún. Túnmiṣe gbé síkúrúdiráífà rẹ̀, ó fi etí tì í nígbà mẹ́ta, ó ní kí wọ́n fi mọ́tò sílẹ̀, gíà kékeré tó wà lábẹ́ ló ti jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Kò tó ogójì ìṣẹ́jú, bẹ́líìtì ń rìn. Mukhtar wò ó, ó bi í pé ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ dà, èyí tí ìjọba Ontario ń fún mẹkáníìkì tó bá yege nínú ìdánwò wọn. Túnmiṣe ní òun ò ní, kò pọn dandan níbi iṣẹ́ àwọn. Mukhtar ní ẹni tó bá ní irú etí yẹn, tí kò ní irú ìwé yẹn, ó ń fi ara rẹ̀ ṣeré. Ó wá fi kún un pé bàbá ìyàwó òun gba ìwé ìgbélùú nípasẹ̀ tirẹ̀, nítorí póìntì wà lórí rẹ̀.

Túnmiṣe lọ yẹ̀ ẹ́ wò nínú mọ́tò. Póìntì tó wà lórí ìwé ẹ̀rí náà ju ti ẹ̀gbọ́n ẹni lọ fíìfíì.

Kí wọ́n tó lè jẹ́ kó jókòó ìdánwò, ó ní láti fi hàn pé ó ti ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún púpọ̀. Mukhtar kọ lẹ́tà fún èyí tó ṣe níbí. Fún ti Ṣàgámù, Túnmiṣe wá Alhaji Abdulmajeed kàn. Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ lẹ́tà náà, ojú ewé mẹ́ta, ó to gbogbo ẹ̀rọ tí Túnmiṣe ti fọwọ́ kàn lẹ́sẹẹsẹ, ó ní kí ọmọ òun yà á ránṣẹ́. Ìlà tó kẹ́yìn níbẹ̀ ni pé ọmọbìnrin yìí kò ba ẹ̀rọ kankan jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́ rí, kò sì purọ́ fún òun lórí èyí tó bà jẹ́. Túnmiṣe kà á sí mi létí. Èmi kọ́ ọ ní kíláàsì, mo sì gbàdúrà fún un. Àwọn Mùsùlùmí méjì ló kọ lẹ́tà. Bí Ọlọ́run ṣe ń pín iṣẹ́ rẹ̀, òun ló yé.

Oṣù mẹ́ta ló fi kàwé. Àsìkò oúnjẹ ọ̀sán, á dojú kéréètì búrẹ́dì kan dé, á jókòó lé e, ìwé lórí orúnkún, búrẹ́dì lọ́wọ́. Àwọn ọkùnrin márùn-ún ń bi í ní ìbéèrè láti orí ẹ̀rọ wọn, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ bó bá gbà á, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ bó bá ṣì í. Lọ́jọ́ ìdánwò, ó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Whitby lọ sí Toronto. Ó ní nígbà tí òun rí ìbéèrè àkọ́kọ́, tó jẹ́ ti bẹ́rìn, òun rẹ́rìn-ín síta, ẹni tó ń ṣọ́ wọn sì wo òun. Àádọ́rin ni wọ́n fi ń yege. Ó gba mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún.

Ìmọ́lẹ̀ ló tú àṣírí bàbá rẹ̀. Ó ní Daddy òun ti tẹ àwòrán ìwé ẹ̀rí náà jáde láti orí fóònù òun, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ọkọ̀ tó fi ń ṣiṣẹ́, gbogbo oníbàárà tó bá wọ ibẹ̀ ló ń fi hàn. Túnmiṣe béèrè ohun tó máa ń sọ fún wọn.

"He says, that's my sister," ni ọmọ náà wí. "He only says cousin when you're there."

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ìpínlẹ̀ Ontario tún pe àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe díẹ̀ ni póìntì Túnmiṣe fi lé. Ó lé débi pé ká ní ẹ̀gbọ́n méjì ló ní tẹ́lẹ̀, kò ní dé ibẹ̀. Ó fi ìwé ránṣẹ́, gbogbo rẹ̀ pé, kò sí èyí tí irọ́ wà nínú rẹ̀. Nínú oṣù kọkànlá ni ìpínlẹ̀ fà á kalẹ̀. Ìyókù di ti ìjọba àpapọ̀: àyẹ̀wò ara, ìwé ọlọ́pàá, ìwé àṣẹ iṣẹ́ onígbà díẹ̀ tó máa gbé e di ọjọ́ ìdáhùn, ìdúró.

Ẹ̀yìn Àjíǹde ọdún yìí ni ìméèlì wọlé pé ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti jáde, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, Túnmiṣe sì wà lábẹ́ ẹ̀rọ. Ó kà á lórí ìdùbúlẹ̀. Nígbà tó jáde, ó kàn na fóònù sí Mukhtar. Mukhtar kà á, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló lọ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí kó ṣe rí: ó dá bẹ́líìtì dúró fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ó sì fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ fún gbogbo ilé iṣẹ́ pé mẹkáníìkì wọn ti di onílé. Àwọn obìnrin tó ń di búrẹ́dì fi ìbọ̀wọ́ ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ wọn pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan gbé búrẹ́dì gbígbóná fún un. Ó gbé e dání bí ọmọ tuntun, ó ní òun rò lọ́kàn pé, èyí ni ọwọ́ mi ṣe.

Mo ń yangàn nípa rẹ̀, mi ò ní fi bò. Bí mo bá rí i ní ìlà kẹta, orí mi á wú. Mo sì tún máa ń rántí àwọn oṣù tó fi wà láìní ìpè kankan lọ́wọ́, àti ìdáhùn tí mo fún un lẹ́nu ọ̀nà láìronú. Ká ní kò rí Mukhtar ńkọ́? Mo gbàgbọ́. Mo ṣì ń béèrè.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ó wá sílé mi tààrà láti ibi iṣẹ́. Ìdúpẹ́ rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù yìí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló bá wá, mo ti ń wá bírò. Kò jókòó dáadáa. Ó yọ bébà kan tí wọ́n ká ní mẹ́rin láti inú àpò jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Àǹtí Péjú, pásítọ̀ ní kí n kọ orúkọ àwọn ẹbí tó máa bá mi jáde lọ síwájú pẹpẹ. Ti bọ̀dá Lékè ni mo kọ́kọ́ kọ, mi ò sì tíì lè pè wọ́n. Bí mo bá dá lọ, wọ́n á tún dìde, wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún mi, wọ́n á ní ẹ pẹ̀lẹ́ o, kọ́sìn. Ẹ̀yin lẹgbẹ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi dé Courtice ní Sátidé. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé ìwé ti jáde, ìjọba ò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Kí wọ́n padà máa pè mí ní àbúrò."